Láti Ìbàdàn Dé Adó-Èkìtì, Nítorí Eré Orin Àwọn Cheerleader

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wo eré orin tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe nípa cheerleading (kí ẹgbẹ́ kan máa fi ariwo, ijó àti gbígbé ara wọn sókè kí àwọn eléré ìdárayá láyà) ní Adó-Èkìtì, kó ti kúrò nílé kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ leré ń bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti Iléṣà gòkè dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kọ́nà lórí kọ́nà ni. Bí tírélà bá ń wọ́ lọ níwájú yín, ẹ ó máa wọ́ tẹ̀lé e ni. Lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n, ẹ ó gba Aramọkọ àti Ìyìn wọ Adó. Ẹ jẹ iyán yín kí aago méjì tó lù. Ẹni tó bá jẹ iyán Èkìtì láago mẹ́ta, ìran kejì ò ní bá a lójúfò.

Ọkùnrin ló bẹ̀rẹ̀ cheerleading: akẹ́kọ̀ọ́ kan, Johnny Campbell, ló ṣíwájú ariwo àwọn olùwòran ní Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1898. Nínú eré yìí náà, ọkùnrin àtobìnrin ló jọ ń gbé ara wọn. Ìtàn rẹ̀ ò le: ilé ìwé méjì ń du ife kan. Gbígbé yẹn gan-an ló tó wò.

Ènìyàn mẹ́rin ló ń ṣe é. Méjì dojú kọra nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan di ẹsẹ̀ kan ẹni òkè mú. Ẹnì kan dúró lẹ́yìn, ó di ọrùn ẹsẹ̀ ẹni òkè mú, ojú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹni òkè títí yóò fi sọ̀, torí orí àti ọrùn ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbára itan ni wọ́n fi ń gbé, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ẹni òkè á le gbagidi; tó bá tẹ orúnkún, tàbí tó wo ilẹ̀, ó ti wó nìyẹn. Àṣìṣe tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé àwọn tìsàlẹ̀ ń jìnnà síra, ẹsẹ̀ ẹni òkè sì ń ya.

Ẹ bá mi ṣírò nǹkan kan. Ọwọ́ ẹni ìsàlẹ̀ tó nà sókè tó mítà 2, ẹni òkè ju mítà 1.5 lọ, òun náà á tún na ọwọ́. Ó ti tó mítà 4. Fáànù àjà gbọ̀ngàn wa ńkọ́? Bíi mítà 3. Wọ́n gbọ́n: wọn kì í gbé e lábẹ́ fáànù, iwájú pèpéle nìkan ni wọ́n ti ń nà án tán. Wọn ò sì ju ẹnikẹ́ni sókè, torí sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ibẹ̀, máàtì tín-ín-rín ò sì lè gba ẹni tó bá já lulẹ̀ là.

Ìlù ni mo bá wọn jà sí. Kíkà 1 dé 8 ni gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ariwo èrò bá ti ń pọ̀ ni dùndún ń sáré. Ó dùn lóde ìyàwó. Níbí, ẹnì kan á ti dé 3 nígbà tí ẹnì kejì rẹ̀ ṣì wà ní 2, ẹni òkè á sì dagun. Ẹni ẹ̀yìn ló yẹ kí onílù máa wò, kì í ṣe èrò.

Ti ohùn náà tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó ń gbé ènìyàn á sé èémí kí ikùn rẹ̀ lè le. Ẹni tó ń kọrin á tú u síta. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí gbogbo orin tí wọ́n kọ lábẹ́ ẹrù fi ń já. Àwọn alárìnjó ti yanjú èyí tipẹ́: ẹni tó ń takìtì kì í gberin, elégbè ló ń gbé e. Ìran kẹta nìkan ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Elégbè ké “Èkìtì kete!” láti ẹ̀gbẹ́ pèpéle, ìlù dákẹ́, ó ku àtẹ́wọ́, ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹni òkè gòkè láìmì.

Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìlà kẹta tàbí ìkẹrin. Láti àárín, ẹni òkè nìkan lẹ ó rí. Láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí ọwọ́ ẹni ẹ̀yìn. Ẹ má sì fi òru gba Ẹ̀fọ̀n padà. Ẹ sùn ní Adó.