Ṣé ẹni tó ni ín mọ̀?

Mo ti ibi iṣẹ́ òru dé ní aago méje, mo wẹ̀, mo dùbúlẹ̀, oorun ò kùn mí rárá. Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ lánàá ló ń dún létí mi.

Àbúrò mi mú ẹ̀bùn ọjọ́ìbí yẹn wá nígbẹ̀yìngbẹ́yín. Ṣéènì ọrùn ni, wọ́n so kọ́ìnì fàdákà àtijọ́ kan mọ́ ọn, etí ẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ, àgbélébùú tó wà lára ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ parẹ́. Inú Atocha ló ti jáde, ọkọ̀ òkun àwọn ará Spéìn tí ìjì gbé rì sí ìsàlẹ̀ Florida níbí lọ́dún 1622. Ìwé ẹ̀rí wà pẹ̀lú ẹ̀, nọ́ńbà kọ́ìnì yẹn gan-an ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo fi sọ́rùn mo pe Màmá lórí WhatsApp kí wọ́n lè rí i, mo ṣàlàyé ọkọ̀, mo ṣàlàyé ìjì, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Wọ́n sún mọ́ fóònù, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá ní, "Ó dáa o. Ṣé ẹni tó ni ín mọ̀ pé ó wà lọ́rùn ẹ?"

Wọn ò bínú o. Bí èèyàn ṣe máa ń bi ọmọ tó gbé abọ́ aládùúgbò wálé ni wọ́n ṣe bi mí. Kí n tó dáhùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

Ẹni tó ni ín. Ta wá ni? Ṣé ọba Spéìn ni, àbí oníṣòwò tó di ẹrù ẹ̀ sínú ọkọ̀, àbí àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń fipá kó wọnú ihò ní Potosí, ní Bòlífíà, kí wọ́n máa wa fàdákà yẹn jáde? Èèyàn 265 ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, márùn-ún péré ló yè, òpó ọkọ̀ tó yọ lójú omi ni wọ́n dì mú di ìgbà tí wọ́n rí wọn gbé. Atukọ̀ mẹ́ta, ẹrú méjì. Ẹrú méjì yẹn, gbogbo ìgbà ni mo ń padà síbẹ̀. Ohun ìní ẹlòmíì ni wọ́n ka àwọn náà sí, bíi kọ́ìnì yìí.

Àmọ́ Mel Fisher tó ń wá ìṣúra abẹ́ òkun náà ńkọ́? Ọdún 16 ló fi wá ọkọ̀ yìí. Lọ́dún 1975 ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wá a dojú dé, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin kú, ìyàwó ọmọ náà kú, òmùwẹ̀ kan kú mọ́ wọn, kò sì dúró, wọ́n rí ìṣúra yẹn ní July 20, 1985. Ìjọba Florida bá a ṣẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, ó jàre. Ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ nínú omi tórí nǹkan, ṣé a lè sọ pé kì í ṣe tiẹ̀? Mo rò ó báyìí, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo tiẹ̀ sùn bíi wákàtí kan.

Mo jí, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo rí iyùn Màmá àgbà. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi so ó sọ́rùn mi. Ẹni tó ni ìyẹn mọ̀. Bóyá ohun tí Màmá ń bi mí gan-an nìyẹn, mi ò mọ̀...

Nígbà tá a lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ní Key West, mo rí ẹ̀wọ̀n wúrà inú Atocha, ó ń dán. Inú ilé kan náà ni ẹ̀wọ̀n irin wà. Ẹ̀wọ̀n la ń pe méjèèjì lédè wa. Ọkọ̀ ẹrú Henrietta Marie ni ti irin yẹn ti wá, ó ta èèyàn 190 ní Jàmáíkà, ó ń padà sí London ló rì lọ́dún 1700. Àwọn tó ń wá wúrà Atocha ló ṣèèṣì kan án lọ́dún 1972. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tó lé ní ọgọ́rin, àwọn kan kéré, ọwọ́ ọmọdé nìkan ló lè wọ̀ ọ́, mo dúró níwájú ìyẹn títí àbúrò mi fi wá fà mí lọ́wọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí náà pọ̀ níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ń ra èèyàn. Mo fọwọ́ kan iyùn Màmá àgbà lónìí, ìyẹn ló wá sọ́kàn mi, mo dá a padà sínú àpò ẹ̀.

Lọ́dún 1993 àwọn òmùwẹ̀ aláwọ̀ dúdú lọ sí ìdí Henrietta Marie, wọ́n gbé àmì ìrántí kalẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, wọ́n kọjú ẹ̀ sí Áfíríkà. Àwọn ìyẹn ò gbé nǹkan jáde o, nǹkan ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án, mo sè ẹ̀wà, ó jóná díẹ̀.

Mi ò fẹ́ bọ́ ṣéènì yẹn. Àbúrò mi máa bínú, ó sì rẹwà, ó tutù lọ́rùn bíi pé omi ṣì wà lára ẹ̀.

Màmá pè padà nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ni wọ́n bá mi sọ, wọn ò mẹ́nu kan kọ́ìnì rárá. Èmi náà ò mẹ́nu kàn án. Ṣùgbọ́n mo ti fi síkáàfù bo ọrùn kí n tó gbé fóònù.