Ọ̀nà Dé Fidjrossè, Owó Ilé Fò Sókè

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọ́ ni mo bá wá lónìí. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá mọ ohun tójú ń rí. Ọ̀nà iwájú ilé tí mò ń gbé ní Fidjrossè, ní Kútọnu, lórílẹ̀-èdè Benin, ló wà lọ́kàn mi. Iṣẹ́ ló gbé mi kúrò n'Ìbàdàn wá síbí, ó ti di ọdún kẹta báyìí.

Yanrìn lásán ni àdúgbò wa nígbà tí mo dé. "Von" ni wọ́n ń pe àwọn òpópónà kéékèèké yẹn, bí òjò bá sì rọ̀, odò ni wọ́n ń dà. Zémidjan, àwọn ọlọ́kadà tó ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò, á já mi sílẹ̀ lórí títì, wọ́n á ní àwọn ò wọlé. Màá bọ́ bàtà, màá ká ṣòkòtò, ó di inú omi.

Láti ìgbà tí Patrice Talon ti dórí àlééfà gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Benin ní 2016 ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà káàkiri ìlú yìí. Nígbà tó kan àdúgbò tiwa, inú mi dùn gan-an. Àfi bí wọ́n ṣe gbẹ́ kòtò gọ́tà tó jìn dé àyà mi sẹ́nu géètì wa, tí wọ́n fi pákó kan ṣoṣo ṣe afárá fún ilé mẹ́rin. Oṣù márùn-ún gbáko! Ìṣó yọrí ní ìkángun pákó náà, tómi bá sì ti bà á, á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Màá gbé àpò kọ̀ǹpútà lérí, màá máa fẹsẹ̀ wá ibi tí màá tẹ̀.

Ìyá kan, ará Kétu, tó ń dín àkàrà lódìkejì kòtò, ló máa ń fẹsẹ̀ tẹ ìdí pákó náà mọ́lẹ̀ fún mi. "Rọra o, ọmọ mi. Má wo ìsàlẹ̀." Àwọn ni wọ́n là mí lóye lọ́jọ́ tí mo gbọ́ tí ọmọ kan ní òun fẹ́ ra ata, tó jẹ́ pé àkàrà ni wọ́n wé fún un. "Ata làwọn Fọ̀n ń pè é. Àkàrà náà ni, wá jẹ." Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta kànkàn, inú rẹ̀ rọ̀ bí òwú, wọ́n sì fi ata gígún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí búrẹ́dì olówó iyebíye kankan ní Kútọnu yìí tó tó o.

Ọ̀nà parí. Wọ́n to íńtálọ́ọ̀kì, wọ́n bo gọ́tà, wọ́n ri òpó iná. Lálẹ́ àkọ́kọ́ tíná tàn, àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù títí di aago mẹ́wàá, èmi náà sì fẹsẹ̀ rìn lọ sétí òkun láìbọ́ bàtà. Mo fi fóònù ya ọ̀nà náà, mo fi ránṣẹ́ sílé.

Kò tó oṣù méjì sí i tí onílé kan ilẹ̀kùn. 60,000 sẹ́fà tí mò ń san lóṣù di 95,000. Ẹ̀rọ omi tó ń jò láti ọjọ́ tí mo ti kó wọlé ṣì ń jò. Mo bi í pé kí ló fi kún ilé. "Ọ̀nà ti dé," ló fi dá mi lóhùn. Ọ̀nà tíjọba ṣe! Inú bí mi débi tí mo lọ yẹ mítà wò, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé mítà kékeré tí òun fúnra rẹ̀ so mọ́ tirẹ̀ ló fi ń tanná fún wa, ní iye tó wù ú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wá gbébí, ẹ má san kọ́bọ̀ kẹ́ ẹ tó bèèrè mítà ta ni.

Mo san án, nítorí iṣẹ́ mi ò jìnnà síbẹ̀. Ìyá ò rówó san tiwọn. Ẹni tó ni ojúlé tí wọ́n ń jókòó sí fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù fóònù, ní wọ́n bá kó agbada wọn lọ sí Calavi, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnu. Àwọn tó rìn nínú ẹrẹ̀ kọ́ ló ń jayé íńtálọ́ọ̀kì yẹn, ó sì ń dùn mí.

Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Yanrìn ni gbogbo ibẹ̀. Ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ lókèèrè. Ìyá wé àkàrà fún mi, wọn ò gbowó. Mo ní ibi yìí mà dákẹ́ o. Wọ́n na ọwọ́ tó kún fún ẹ̀wà lílọ̀ sí ògiri iwájú, níbi tẹ́nì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí.

"Àná ni wọ́n wá wọn ilẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì tún bu ẹ̀wà sínú epo.