Wọ́n Ní Kí N Tà Á Fún Àwọn Onírin

Ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀gá mi sọ sí mi níbi iṣẹ́ ni mi ò tíì rí gbé mì. Òrùlé ọkọ̀ mi, irú èyí tó ń fúnra rẹ̀ ká wọnú búùtù téèyàn bá tẹ súìṣì, ló dúró lágbedeméjì: kò lọ, kò bọ̀. Òjò sì ti ṣú. Mo ń fa irin, mo ń tì í, nígbà tí ọ̀gá ń kọjá lọ. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ẹni tí agbára rẹ̀ ò bá ká irú ọkọ̀ báyìí, kó lọ ra èyí tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Níwájú àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ni o. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọni lára. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ló bá mi gbé e tá a fi rí i pa dé.

Àwọn mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá dá kún un ni. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ rà: pọ́ǹpù tuntun, jáàkì tuntun tó ń gbé òrùlé lọ́tùn-ún lósì, àti kọ̀ǹpútà òrùlé fúnra rẹ̀. Owó tí wọ́n rò jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra irú ọkọ̀ náà mìíràn. Wọ́n ní bó bá jẹ́ tàwọn ni, àwọn á tà á fún àwọn onírin. Wọn ò tú nǹkan kan o! Wọn ò ṣí kápẹ́ẹ̀tì búùtù. Nílé, mẹkáníìkì á ti wọ abẹ́ ẹ̀, á ti fi ìka kan ọ́ìlì tó ń jò, á gbóòórùn rẹ̀, kó tó dárúkọ owó. Níbí, kí nǹkan bàjẹ́ díẹ̀ báyìí, wọ́n ti kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù gbogbo ẹ̀. Ó ń bí mi nínú, mi ò ní purọ́.

Àìsàn òrùlé ò kúkú jẹ́ ẹyọ kan. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí, pọ́ǹpù kan tó ní mọ́tò iná lára ló ń ti ọ́ìlì gba inú àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú jáàkì, jáàkì ló sì ń gbé irin òrùlé. Sẹ́ńsọ̀ wà káàkiri tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìpele kan ti parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹyọ kan nínú wọn ò bá jábọ̀, gbogbo iṣẹ́ dúró nìyẹn. Bí ẹ bá tẹ súìṣì tí ẹ ò gbọ́ ohùn pọ́ǹpù rárá, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà fíúsì. Mọ́tò yẹn ń jẹ iná gan-an, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Láti 1934 tí Peugeot ti gbé 401 Éclipse jáde, tí òrùlé irin rẹ̀ ń fi iná bátìrì wọnú búùtù, ni ọ̀rọ̀ òrùlé àti bátìrì ti wọnú ara wọn báyìí. (Oníṣègùn eyín kan, Georges Paulin, ló ronú kàn án. Ọpọlọ ọkùnrin náà pé.) Àwọn ọkọ̀ kan tún ní ìbòjú nínú búùtù tó ń ya ẹrù sọ́tọ̀, bí ẹ ò bá fà á sílẹ̀ dáadáa, òrùlé ò ní mira. Bí apá kan bá ń ṣáájú èkejì, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, torí irin lè lọ́. Bí pọ́ǹpù bá wá ń dún tí òrùlé ò gbéra, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló sábà máa ń jẹ́.

Tèmi ń dún.

Mo bá ṣí kápẹ́ẹ̀tì fúnra mi. Abẹ́ jáàkì òsì tutù, ó ń yọ̀. Mo fi tíṣù funfun nu irin rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo ní kí ìyàwó mi tẹ súìṣì. Kò pẹ́ tí ọ́ìlì fi yọ bí òrùka tín-ín-rín ní ibi tí irin ti wọnú jáàkì, ó kóra jọ, ó sì kán. Kò sí ibòmíràn tó tutù.

Ẹ lè máa bi mí pé kí ló dé tí mò ń da ara mi láàmú lórí òrùlé ọkọ̀. Ọdún tí ìyá mi kú, ìwé mi wà lọ́wọ́ ìjọba, bí mo bá jáde mi ò ní lè padà wọlé. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú. Ilé tí mò ń gbé, ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, béèyàn bá gbóhùn sókè, ará òkè á máa gbálẹ̀ gbàgà-gbàgà. Mo wa ọkọ̀ lọ sí pápá kan tí kò sí ẹnì kankan, mo ká òrùlé, mo sunkún bó ṣe wù mí. Oòrùn wà lórí mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n rọra. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún ẹni tó ní kí n tà á fún onírin?

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ fi ẹkún pinnu ọ̀rọ̀ owó. Ká ní irin òrùlé ti lọ́ ni, tàbí pé ihò tí omi òjò ń gbà jáde dí tí òjò fi bo pọ́ǹpù àti kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, màá pa á dé pátápátá, màá sì máa gùn ún lọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní tìtorí ẹ̀ kọṣẹ́. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá sábà máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pa á dé. Ẹ ṣáà má ti orí tàbí ọwọ́ bọ àárín irin, torí jáàkì tí kò ní ọ́ìlì lè já a sílẹ̀ lójijì.

Ṣùgbọ́n síìlì lásán, rọ́bà tó ń sé ọ́ìlì mọ́nú jáàkì, ló ń dà mí láàmú. Irin jáàkì ń dán, kò há níbì kankan. Síìlì inú rẹ̀ ló gbó, wọ́n sì ń pààrọ̀ ìyẹn láìra jáàkì tuntun. Àwọn kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n yàn láàyò nìyẹn. Màá tún un ṣe. Pọ́ǹpù á wà níbi tó wà, kọ̀ǹpútà á wà níbi tó wà. Irú ọ́ìlì tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ dárúkọ ni màá dà sí i, torí èyí tí kò bá síìlì mu lè mú un wú.

Òsì nìkan ló ń jò, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kan náà ni tọ̀tún, títú aṣọ inú ọkọ̀ ló sì le jù nínú iṣẹ́ yìí. Méjèèjì ni màá yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti yọ ọ́ rí, tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ike ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn láì fọ́ ọ, kó jọ̀wọ́ sọ fún mi kó tó di Sátidé.