Bàtà Màmá

Alẹ́ Ọjọ́rú

Mo kó bàtà Màmá jáde lọ́sàn-án yìí láti nù ún, ẹsẹ̀ mẹ́rin, mo sì dojú gbogbo rẹ̀ dé lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé. Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti jẹ: ìta gìgísẹ̀. Apá inú ṣì nípọn bí ọjọ́ tí a rà á. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi róòbù ra orúnkún Màmá, tí mò ń se àgbo, tí mò ń sọ pé àgbà ló dé. Ẹnu ọ̀nà wa ni bàtà yìí wà láti ọjọ́ yẹn.

Oníṣègùn físíò, èyí tó ń fi eré ìdárayá wo iṣan àti oríkèé ara, tó rí wọn lọ́jọ́ Ẹtì ló ní kí n lọ wo bàtà. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kan orúnkún. Ó ní kí Màmá rìn lọ rìn bọ̀ láìwọ bàtà, ó wá dúró lẹ́yìn wọn. Ẹsẹ̀ Màmá tẹ̀ bí ọrun láti kékeré. Bí wọ́n bá pa kókósẹ̀ pọ̀, ẹ̀ṣẹ́ mi á gba àárín orúnkún méjèèjì kọjá. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá tọ́, ìwúwo ara á ti ìgbáròkó sọ̀ kalẹ̀, á gba nǹkan bí àárín orúnkún, á bọ́ sí kókósẹ̀. Bó bá tẹ̀ síta, apá inú orúnkún ló máa ru ẹrù tó pọ̀ jù, ohun yíyọ̀ tó bo orí eegun níbẹ̀ á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí Màmá ṣe wá ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti sá fún ìrora, ìbàdí àti ẹ̀yìn bá a gbà nínú ìyà náà. Wọn ò fi ẹsẹ̀ lọ sọ́jà mọ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti ń ga sí i.

A ò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn rí nílé. "Wọ́n fi sọ mí lórúkọ nílé ìwé," ni Màmá wí nínú mọ́tò. Ògì ni wọ́n fi tọ́ wọn, wàrà ò sí. Oòrùn tó ń jẹ́ kí ara ṣe fítámì D pọ̀ lọ́dọ̀ wa, síbẹ̀ eegun ọmọ ṣì ń rọ̀ nígbà tí kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, ò bá tó nínú oúnjẹ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, tó jáde ní 1999, fi hàn pé kálísíọ̀mù wo àrùn eegun rírọ̀ yìí (rickets) ju fítámì D nìkan lọ.

Mo sáré wo ẹsẹ̀ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Orúnkún rẹ̀ ń gbá ara wọn. Oníṣègùn ní bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ orí yẹn nìyẹn, pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń tọ́ kí wọ́n tó pé ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Èyí tó bá burú sí i tàbí tó bá ń dun ọmọ ni ká tètè gbé wá. Ọkàn mi wálẹ̀ díẹ̀.

Ó fún Màmá ní eré ìdárayá fún iṣan itan, ó sì gba ọ̀pá lọ́wọ́ wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì fi ń tẹ ọ̀pá. Ó ní ọwọ́ òsì ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ Màmá bá mi lẹ́yìnkùlé. Wọ́n mú bàtà kan, wọ́n wo ìdí rẹ̀ títí.

"Ká ní wọ́n tètè rí i, ṣé ìbá ti tọ́?"

"Bóyá, Màmá."

Wọ́n gbé bàtà sílẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ọ̀pá sọ́wọ́ òsì, wọ́n sì rọra wọlé.