Ibo la ó gbà wọ Old Oyo National Park láti Adó-Èkìtì?

Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Fífẹ̀ igbó náà lé ní 2,500 kìlómítà onígun mẹ́rin (square kilometres); ẹni tó bá ṣi ẹnu ọ̀nà gbà, ojú ọ̀nà lọjọ́ máa tán sí.

Ahoro Ọ̀yọ́ Ilé wà lápá àríwá, Ìgbẹ́tì ló sún mọ́ ọn. Ẹ gba Ọ̀tùn, Ọmù-Àrán, Ìlọrin. Ọ̀nà yìí lèmi fẹ́ràn jù, nítorí àwọn àpáta dúdú ràbàtà tó yí Ìgbẹ́tì ká. Àwa ará Èkìtì mọ òkè, síbẹ̀ ẹnu á yà yín.

Bó bá jẹ́ ìsédò Ikere Gorge lórí odò Ògùn, Ìsẹ́yìn ni kẹ́ ẹ kọrí sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọ́fíìsì wọn nílùú Ọ̀yọ́ ṣáájú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló mọ ọ̀nà tó ṣeé gbà láìséwu.