Ìkùukùu bò mí lórí òkè, Olúwa ò jẹ́ kí n sọnù

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa níbí lọ́jọ́ Àìkú, ẹkún sì jẹ méjì nínú tèmi. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ síbí.

Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Cape Town ló ní kí n wá kí òun, ló bá mú mi lọ sí Table Mountain. Àwa ará Abuja mọ àpáta: Aso Rock ń wò wá lójoojúmọ́, Zuma sì wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà. Ṣùgbọ́n èwo la wọkọ̀ gùn rí nínú wọn? Ti ibẹ̀, okùn irin ló ń fa ọkọ̀ lójú òfuurufú, láti ọdún 1929. Ọkọ̀ rìbìtì ni, ó ń gba èèyàn 65, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń yí po kí oníkálukú lè rí òkun, kó rí ìlú. Mo rọ̀ mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi dúró, ilẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ mi lọ. "Mọ́mì, ẹ fi irin yẹn sílẹ̀!"

Òkè náà ga ju 1,000 mítà lọ, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fa wàhálà. Ọmọ mi lọ tò láti ra tíì, èmi ń tẹ̀lé ẹranko kan tó dà bí òkété tí kò nírù, kí n lè ya fọ́tò rẹ̀ fún bàbá wọn nílé. Fóònù mi kú. Mo gbójú sókè: gbogbo ayé ti funfun.

Atẹ́gùn ló ń gbé ọ̀rinrin òkun gun òkè náà. Tó bá dókè, otútù á sọ ọ́ di ìkùukùu, á máa ṣàn bọ́ létí àpáta. Aṣọ tábìlì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á ní ó mà dára o. Èmi tí mo wà nínú rẹ̀ ò rí ìka ẹsẹ̀ mi. Fèrè wá dún, èyí tí wọ́n ń fun bí afẹ́fẹ́ bá ti ń le, kí gbogbo èèyàn wá wọkọ̀ sọ̀kalẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mi ò mọ apá ibi tó ti ń dún. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, òkúta kan yí lọ, mi ò gbọ́ ìgbà tó balẹ̀.

Mo jókòó pa. Gbogbo àdúrà tí mo máa ń fi pariwo ní àìsùn, ọ̀kan ò wá sí mi lẹ́nu. Oríkì tí ìyá mi fi ń jí mi láàárọ̀ ló wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara mi sókè: Àbẹ̀kẹ́ o, Àbẹ̀kẹ́! (Ẹ má rẹ́rìn-ín, Pásítọ̀ ti rín tiwọn.) Ibẹ̀ ni mo wà tí ọwọ́ kan fi bà mí léjìká. Tọkọtaya àgbàlagbà kan ni, wọn ò gbọ́ Yorùbá rárá, ohùn mi ni wọ́n tọ̀ wá. Ìyá yẹn bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan, ó fi wọ̀ mí, ó sì di ọwọ́ kejì mú. Ọ̀nà tó jọ Kubwa sí Bwari lójú mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ọmọ mi wà lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, tíì ti tutù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní sọ̀kalẹ̀ láìsí ìyá òun. Kò bá mi wí títí a fi délẹ̀. Ìgbà tí a délẹ̀ ló wá bá mi wí.

Mi ò tiẹ̀ béèrè orúkọ wọn. Ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan yẹn tẹ̀ lé mi wálé, òun ni ẹ rí tí mo gbé sókè lọ́jọ́ Àìkú.