Akin Shenbanjo àti bàálù tí wọ́n fi àwọ̀ rẹ̀ sọ lórúkọ

Ní Ẹ̀pẹ́ níbi tí mo dàgbà sí, bí àwọn àgbà bá ti fẹnu ba ogun Hitler, Bọ́mà ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń já sí: igbó, ẹrẹ̀, àti àwọn tí kò padà wálé. N kò gbọ́ rí lẹ́nu wọn pé ọmọ Nàìjíríà kan, Akin Shenbanjo, bá wọn ja ogun kan náà nínú bàálù tí ń ju bọ́ǹbù.

Ẹgbẹ́ ológun 76 ti RAF, iléeṣẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wà, ní Holme-on-Spalding Moor ní Yorkshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàálù Halifax ni ọkọ̀ wọn, ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, ènìyàn 7 ni ó sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Wáyálẹ́ẹ̀sì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni oníwáyálẹ́ẹ̀sì máa ń jókòó sí nínú Halifax, tí yóò tẹ́tí sí ohun tí wọ́n bá rán láti ibùdó, ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ dáhùn àfi bí ọ̀ràn bá di kàráǹgídá, kí ọ̀tá má baà fi ohùn rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹni tí ó bá ti bá apẹja sun ojú ọ̀sà rí yóò mọ bí òru ṣe máa ń gùn tó fún ẹni tí ń dákẹ́ ṣọ́ nǹkan. Nínú nǹkan bí 125,000 ènìyàn tí ó fò nínú àwọn bàálù tí ń ju bọ́ǹbù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun náà, 55,573 ni ó kú.

Wọ́n fún Shenbanjo ní Distinguished Flying Cross, àmì-ẹ̀yẹ fún ìgboyà lójú òfurufú, tí rìbọ́nù rẹ̀ jẹ́ ìlà àlùkò àti funfun tí ó dagun. Àwọn ọ̀gá ni wọ́n ń fún nígbà náà; ti àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀, títí di oṣù kẹwàá 1939, nígbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, òfin kò gbà kí aláwọ̀ dúdú di ọ̀gá nínú RAF. Èyí ni mo fi ka àmì-ẹ̀yẹ náà sí ju ìgboyà lásán lọ.

Wọ́n kọ orúkọ kan sí imú Halifax náà nítorí rẹ̀: “Achtung! The Black Prince”, bí ẹni ń sọ fún àwọn ará Jámánì ní èdè wọn pé kí wọ́n ṣọ́ra, Ọmọ Ọba Dúdú ń bọ̀. Ìwúrí ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé àwòrán rẹ̀ lọ han àǹtí mi tí ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, ó fi ìró nu ọwọ́ kí ó tó gba fóònù, ó wò ó títí, ó ní kí n túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ wá ńkọ́?”

Mo ní bóyá ó ṣòro fún òyìnbó láti pè.

“Akin?” Ó dá fóònù náà padà fún mi, ó sì mú ọ̀bẹ rẹ̀. “Akin náà ló ṣòro?”